Bí a ṣe ń lo “side effect” nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ tí ẹ gbọ́ Faransé, ẹ má sọ effet secondaire di “secondary effect” bí ọ̀rọ̀ bá kan oògùn. “Side effect” ni wọ́n ń pè é: ohun tí a kò wá, tó bá èyí tí a wá rìn. Bí oògùn bá wo ikọ́ yín sàn, àmọ́ tí oorun ń kùn yín, oorun yẹn ni side effect, kì í ṣe ìwòsàn náà.

Ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ má lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀yìn “effect” nìkan ni s ń wà. “Of” ló sábà ń tẹ̀lé e: “Sleepiness is a side effect of this medicine.” Ẹ ṣọ́ra fún “affect” gidigidi: ọ̀rọ̀-ìṣe ni, kò lè dúró níbẹ̀.