Ohun tí fáníìṣì dídán fojú mi rí lórí pèpéle onípákó

Owó tó bọ́ lọ́wọ́ mi dùn mí ju ẹ̀yìn tó ro mí lọ. Láàárín ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kun pèpéle onípákó tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ohun tí mo ná lẹ́ẹ̀kejì tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò lọ sórí ohun tí mo kùn. Orí bíbó ló lọ: mo ń bó ohun tí mo fowó ara mi rà, tí mo sì fọwọ́ ara mi kùn.

Ẹni tó ta fáníìṣì àkọ́kọ́ fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí igi tí kò lè gbà á, nínú ilé tàbí níta. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo kùn ún tán, ó ń dán gbinrin, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn ín. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé irú fáníìṣì bẹ́ẹ̀ kì í wọnú igi, orí igi ló ń jókòó sí bí awọ. Igi tó wà níta sì rèé, bí òjò bá rọ̀, á mu omi, á wú. Bí oòrùn bá mú, á gbẹ, á súnkì. Awọ yẹn kò lè máa bá a wú kó sì máa bá a súnkì títí, nítorí náà ó ń sán. Ojú ibi tó ti sán ni omi ń gbà wọlé, kò sì rọrùn fún omi náà láti jáde mọ́. Kí ọdún tó yí po, ojú pèpéle mi ti léròrò, ó funfun lápá kan, ó ń ṣí lápá kejì bí ara tí oòrùn pa. Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà jù ló burú jù. Mo ṣí ibì kan sókè, pákó abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, ó ti bu. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n họ àwọn ibi tó ti ṣí, kí n sì tún fáníìṣì mìíràn lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, tí iṣẹ́ káfíńtà mọ́ lọ́wọ́, wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná ha á.

“Má wulẹ̀ fi owó ṣòfò,” ó ní. “Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Ohunkóhun tí o bá kùn lé e, òun ni yóò gbé e ṣí. Bó o títí wàá fi rí igi.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ pátá.”

Bíbó yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Mo kọ́kọ́ háyà ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi. Mo rò pé wákàtí méjì ni, ó parí. Mo fún omi náà lágbára, mo sún ẹnu ẹ̀rọ mọ́ igi. Fáníìṣì tó ti kú tẹ́lẹ̀ fò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì dì mọ́ igi kò mira, igi gan-an ló ń ya. Pákó mi rọ̀. Ibi tí omi gbà kọjá di ojú ilà, ó sì hu irun bí aṣọ tó ti gbó. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé 500 sí 600 psi (ìyẹn ìwọ̀n agbára tí omi fi ń tú jáde) ti tó fún igi tó bá rọ̀, pẹ̀lú ẹnu tó ń fọ́n omi gbòòrò ní ìwọ̀n dígírì 40, kí èèyàn sì jìnnà sí pákó ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ojú ilà méjì ṣì wà níbẹ̀ dòní, mo máa ń rí wọn nígbàkúùgbà tí mo bá ń gbálẹ̀.

Mo tún gbìyànjú ẹ̀rọ tó ń fi sáńpépà ha igi. Ooru ẹ̀rọ náà yọ́ fáníìṣì, fáníìṣì tó yọ́ lẹ̀ mọ́ sáńpépà, ojú rẹ̀ sì dí. Mo lo sáńpépà mọ́kànlá lórí pákó méjì péré. Pákó mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo pa ẹ̀rọ, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó gbà mí ni omi tí wọ́n fi ń bó ọ̀dà, èyí tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà ṣe. Òun náà tún yọ mí lẹ́nu kó tó gbà. Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ dà á sí i, oòrùn sì gbẹ ẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó dì padà mọ́ fáníìṣì, ó tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí òjìji bá wà. Kí ẹ má kùn ju ibi tí ẹ lè bójú tó lọ, bó bá sì ń fẹ́ gbẹ, kí ẹ wọ́n omi sí i. Nígbà tí mo ṣe é báyìí, láàárín ogún ìṣẹ́jú ni fáníìṣì náà hunjọ, mo fi irin pẹlẹbẹ gbá a kúrò ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pariwo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó. Àmọ́ ibi tó nípọn gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta, àlàfo àárín pákó sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀bẹ àti sùúrù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko lórí eékún. Ìbọ̀wọ́ gígùn àti awò ojú kò ṣeé fi sílẹ̀, nítorí sódà yìí ń jó ara. Mo rin ewéko tó wà nítòsí, mo sì bò wọ́n.

Nígbà tí mo ṣan án tán, gbogbo pákó náà dúdú bí èyí tí iná rà. Àyà mi já. Sódà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi, ohun tó sì ń tún un ṣe ni ásíìdì tí wọ́n ń pè ní oxalic, tí wọ́n pò mọ́ omi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ sójú pákó, mo dúró bí ìṣẹ́jú márùndínlógún, àwọ̀ igi sì ń padà bọ̀ lójú mi kòrókòró. Ásíìdì yìí ló tún ń pa agbára sódà tó kù nínú igi. Ẹni tó bá fò ó yóò kun epo lé sódà lórí, epo náà kò sì ní pẹ́.

Gbígbá, fífọ̀, ìṣó tó yọrí, pákó méjì tó ti jẹrà tí mo pààrọ̀, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ kàn má fi bíliìṣì fọ̀ ọ́. Èérí kọ́ ni igi tó hewú, oòrùn ló ti jẹ ohun tó lẹ òwú igi mọ́ra, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lignin, bíliìṣì sì tún ń bá a jẹ ẹ́ sí i. Àtíkè sodium percarbonate dára jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, òjò rọ̀. Ó dá, ó tún rọ̀. Mo fẹ́ kùn ún lọ́jọ́ kẹta, torí ojú pákó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú igi sọ pé ó ṣì ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mo dúró títí ó fi wálẹ̀ sábẹ́ 15, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ náà lè kán omi sójú igi: bó bá fà á mu kíákíá, ó ti ṣe tán. Mo fi sáńpépà 80 ha irun tó hù. Èyí tó bá kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ á dí ojú igi, epo kò ní wọlé.

Epo aláwọ̀ ilẹ̀, irú èyí tó ń wọnú igi, ni mo kùn lọ́tẹ̀ yìí. Ìdí pákó níbi tí wọ́n ti gé e ni mo kọ́kọ́ kùn, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù. Pákó méjì méjì ni mo ń mú láti òpin dé òpin kí ojú ibi tí mo dúró sí má baà hàn, bó bá sì di ogún ìṣẹ́jú, mo fi àkísà nu èyí tí igi kò gbà. Igun kan wà tí mo gbàgbé láti nù, ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń lẹ̀ mọ́ bàtà. N kò kun ohun mìíràn lé e láti dí i, torí epo náà ti ní ohun tó ń lé omi nínú, ohun dídán tí mo bá sì tún fi sórí yóò kàn tún di awọ. Àkísà elépo wọ̀nyẹn, mo tẹ́ wọn níta lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi gbẹ. Bí ẹ bá ká wọn jọ gègèrè, wọ́n lè mú ooru jáde fúnra wọn títí wọn yóò fi gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Ó pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Kò sí ibi kankan tó ṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé omi ò dúró ní kíkán mọ́ lórí pákó mẹ́ta tó wà lẹ́nu àtẹ̀gùn, ó ń wọlé. Mo fọ ibẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo fi àkísà pa epo sí i, mo sì nù ún. Gbogbo ìkùn náà kò tó wákàtí kan, n kò sì bó nǹkan kan.