Ẹ má tíì náwó: bí a ṣe ń yan antivirus fún kọ̀ǹpútà ilé

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Mo mú fláàṣì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan láti lọ tẹ ìwé méjì péré jáde, mo délé, mo tì í bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, háà! Gbogbo fóldà tó wà níbẹ̀ ti di shortcut (àmì tó kàn ń tọ́ka sí nǹkan mìíràn), ọfà kékeré wà lára ìkọ̀ọ̀kan wọn, kò sí èyí tó ju kílóbáìtì méjì lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò ronú mọ́, mo sáré wọ íntánẹ́ẹ̀tì, mo wá antivirus (ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì) olówó ńlá kan tí wọ́n ti crack, ìyẹn ni pé wọ́n ti já títìpa ẹ̀, tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, inú ẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì kejì ti jáde. Ológbò ni mo fi ṣọ́ ẹja. Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀: kó o tó náwó tàbí kó o tó lọ wa nǹkan (download) lọ́fẹ̀ẹ́, wo èyí tó ti wà nínú ẹ̀rọ ẹ ná.

1. Wo ẹni tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ẹ báyìí

Tó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ló wà lórí ẹ̀, antivirus ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó o ti rà á, Microsoft Defender lorúkọ ẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Tẹ Start, kọ "Windows Security", ṣí i, kó o wá tẹ "Virus & threat protection". Tó o bá rí àmì àwọ̀ ewé, ara ẹ̀ yá nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra UK-used ní Computer Village, ẹ wò ó dáadáa o, torí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ ni antivirus ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀, owó ẹ̀ ti tán, kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kàn ń yọ lójú skríìnì lójoojúmọ́ pé kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ sanwó. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tún un tan. Defender á gbàṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Mac, Apple náà ti fi tiyín síbẹ̀, XProtect ni wọ́n ń pè é, kì í fara hàn ni.

2. Bi ara ẹ pé ṣé Windows náà ṣì ń gba àtúnṣe tuntun (update)

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà jù rèé. Wọ́n á ra antivirus olówó iyebíye sórí Windows 7 tí Microsoft ti pa tì láti January 2020. Ó dà bí ẹni ra àgádágodo tuntun fún ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ férémù ẹ̀. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry jà káàkiri ayé ní May 2017, tó ti fáìlì àwọn èèyàn pa, tó ń béèrè owó lọ́wọ́ wọn, tó dá iṣẹ́ rú láwọn ọsibítù ìjọba ní Ìlú Ọba, Microsoft ti gbé ohun tó máa dí ihò tó ń gbà wọlé jáde láti March, oṣù méjì ṣáájú, àwọn tí ò gbà á ló kó sí i. Windows 10 náà, wọ́n ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní October 14, 2025, torí náà tí ẹ̀rọ ẹ bá lè gba 11, gbé e lọ síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé dátà ló ń dùn wá. Púpọ̀ nínú wa ti yí Wi-Fi fóònù sí "metered" kí Windows má bàa jẹ dátà, mi ò bá yín jà. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé Defender náà nílò ìròyìn tuntun nípa àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ẹ wọ "Protection updates" kẹ́ ẹ tẹ "Check for updates". Scan (yíyẹ ẹ̀rọ wò) fúnra ẹ̀ ò tó nǹkan lára dátà, inú ẹ̀rọ yín ló ti ń ṣiṣẹ́.

3. Tó o bá ṣì fẹ́ òmíràn, má gbọ́ tẹnu ẹni tó ń tà á

Ọ̀pọ̀ ojú ewé tó ń pe ara ẹ̀ ní "antivirus 10 tó dára jù", owó ni wọ́n ń gbà lórí ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ wọn rà. Lọ síbi tí wọ́n ti ń dán an wò: AV-TEST ní Magdeburg, Jámánì, tàbí AV-Comparatives ní Innsbruck, Austria. AV-TEST máa ń fún wọn ní máàkì lórí nǹkan mẹ́ta, 6 fún ìdáàbòbò, 6 fún pé kì í fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, 6 fún pé kì í fẹ̀sùn kan fáìlì tí ò ṣẹ̀, àpapọ̀ 18. Defender náà wà lára àwọn tí wọ́n ń dán wò, fi wéra. Tí láptọ́ọ̀pù ẹ bá jẹ́ RAM 4GB bíi tèmi, máàkì ti ìkejì yẹn ni kó o tẹjú mọ́.

Kó o tó sanwó, ka iye tí wọ́n máa gbà lọ́dún kejì. Wọ́n á fi owó pọ́ọ́kú fà ẹ́ wọlé, ọdún á yí po, wọ́n á yọ iye tó fi ìlọ́po ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú káàdì ẹ, ní dọ́là o. Pa auto-renewal (ètò tó ń yọ owó fúnra ẹ̀) lọ́jọ́ tó o rà á gan-an. Ọ̀fẹ́ náà ní tiẹ̀: ní 2024, FTC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 16.5 dọ́là lé Avast, tó ń ṣe antivirus ọ̀fẹ́, torí pé wọ́n ta àkọsílẹ̀ ibi táwọn oníbàárà wọn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

4. Ẹyọ kan ṣoṣo

Antivirus méjì tó ń ṣọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà, orogún ni wọ́n. Wọ́n á máa fura síra wọn, ẹ̀rọ á máa wọ́ bí ìgbín, ìwọ lo máa jìyà. Tó o bá fẹ́ ẹni kejì tí á bá ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Malwarebytes ọ̀fẹ́ dáa, tí ọjọ́ ìdánwò (trial) ẹ̀ bá ti parí kì í ṣọ́nà mọ́, ìgbà tó o bá pè é ló ń dáhùn.

5. Dán an wò, lẹ́yìn náà mú fláàṣì wá

Lọ sí eicar.org, fáìlì kékeré kan wà níbẹ̀, lẹ́tà àti àmì 68 péré, kì í pa ẹnikẹ́ni lára, gbogbo antivirus ló mọ̀ ọ́n. Wà á jáde. Tí antivirus ẹ bá dákẹ́, kì í ṣe antivirus nìyẹn.

Fláàṣì wá ńkọ́? Má tẹ shortcut kankan. Tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí fláàṣì náà, yan "Scan with Microsoft Defender", jẹ́ kó parí. Ṣáájú kẹ́ ẹ tó sunkún, ẹ mọ̀ pé fáìlì yín ò lọ síbì kankan, fáírọ́ọ̀sì yẹn kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Ọmọ àdúgbò wa kan ló fi hàn mí: ó ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ó kọ

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

(E yẹn ni lẹ́tà fláàṣì tèmi, tìẹ lè jẹ́ F tàbí G), ó tẹ Enter, ó jókòó ó ń mu míníràlì tí mo rà fún un. Fóldà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ yọjú.