Àpá BCG tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọjọ́ àkọ́kọ́ klíníkà lọ́wọ́ mi

Bó bá jẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n bí yín sí, ẹ wo apá yín òsì lókè, níbi èjìká. Àpá kékeré róbótó tó wà níbẹ̀, ti abẹ́rẹ́ BCG tó ń dènà ikọ́ ife, tí wọ́n gún wa ní ìkókó, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọjọ́ àkọ́kọ́ klíníkà (ìkọ́ṣẹ́ nílé ìtọ́jú) lọ́wọ́ mi ní Houston, Texas, níbí, lẹ́yìn tí mo ti san owó ilé ẹ̀kọ́ pé. Inú ṣì ń bí mi. Nínú gbogbo àwọn tó gbowó lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó là mí lóye lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Iṣẹ́ CNA ni mo lọ kọ́, àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀kọ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 75. Texas fi kún tiwọn, ó di 100: 60 nínú kíláàsì, 40 lọ́dọ̀ àwọn arúgbó gan-an. Ti kíláàsì kò le. Ọwọ́ fífọ̀, ìbọ̀wọ́ wíwọ̀, bí a ṣe ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ènìyàn ṣì wà lórí rẹ̀, gbogbo ìyẹn ni ẹ máa kọ́, mi ò ní dá yín dúró lórí rẹ̀. Ibi tó há ni pé ilé ìtọ́jú tí wọ́n pín wa sí kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọlé láìmú ìwé wá pé kò ní ikọ́ ife.

Ilé ẹ̀kọ́ ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò orí awọ, èyí tí wọ́n ń pè ní PPD. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ki oògùn díẹ̀ sábẹ́ awọ apá, wọ́n á wá ní kí ẹ padà wá láàárín wákàtí 48 sí 72 kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ojú ibẹ̀ bá wú tó sì le, wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ pẹ́ ju wákàtí 72 lọ, owó yín ti wọgbó, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀ẹ̀mejì ni a máa ṣe é, ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta.

Tèmi ò tiẹ̀ dé orí ìkejì. Kí n tó padà síbẹ̀ ni apá ti ń yún mi, ojú ibẹ̀ ti ga, ó ti le. Nọ́ọ̀sì tó wò ó gbé rúlà sí i, ó ní ó ti kọjá mìlímítà 10, ibẹ̀ sì ni ààlà fún àwa tí a kò tíì pẹ́ tí a dé láti irú orílẹ̀-èdè wa. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi àpá èjìká mi hàn án, mo ní BCG nìyí, ìkókó ni mo wà tí wọ́n ti gún mi. Ó wò ó, ó mi orí. Ó ní fọ́ọ̀mù òun kò ní ibi tí òun lè kọ ìyẹn sí, àpótí méjì ló wà níbẹ̀, pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gátíìfù. Ó fa àmì sí pọ́sítíìfù níṣojú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo padà wá mọ̀. Kòkòrò tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí kòkòrò ikọ́ ife, tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, ni wọ́n fi ṣe BCG. Èròjà inú oògùn PPD sì wà lára BCG náà, nítorí náà ara ẹni tó ti gba BCG lè wú sí PPD bẹ́ẹ̀ sì ni ikọ́ ife kankan kò sí lára rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í gún BCG fún ọmọ wọn bíi tiwa. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà, QuantiFERON tàbí T-SPOT, tí BCG kì í dà rú, nítorí ohun tí kò sí lára BCG ló ń wá. CDC, àjọ ìjọba wọn tó ń mójú tó àrùn, fúnra wọn ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló yẹ fún ẹni tó bá ti gba BCG. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa lọ, kò sí pé ẹ ń padà wá fi apá hàn. Kí ló wá dé tí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ Áfíríkà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ kò fi lè sọ gbólóhùn kan yìí lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó?

Láti ìgbà yẹn ló di lọ síbí, lọ sọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n ya ẹ́síréè àyà. Mo yà á, owó tí mo fi pamọ́ fún bàtà funfun àti aago ọwọ́ bá a lọ. Àyà mi mọ́ tónítóní. Ilé ẹ̀kọ́ ní àwòrán nìkan kò tó, kí dókítà kọ lẹ́tà sí i. Dókítà ní òun ò lè kọ lẹ́tà láìjẹ́ pé òun yẹ̀ mí wò, owó mìíràn nìyẹn. Akọ̀wé wá fi kún un pé bí ìwé kò bá pé kó tó di ọjọ́ klíníkà, kí n dúró de kíláàsì mìíràn, wọn ò sì ní dá owó padà. Èmi fúnra mi ni mo lọ sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi. Nẹ́gátíìfù ló jáde. Nígbà tí mo gbé e dé ọ́fíìsì wọn, wọ́n gbà á, wọ́n tì í bọ inú fáìlì, kò sẹ́ni tó sọ pé pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ klíníkà, aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ la wọlé. Ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó rẹ́rìn-ín: "Dìde jàre, ọmọ mi. Lọ fọwọ́."

Màmá òyìnbó kan tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ aṣọ fún. Apá tí kò lágbára ló ń kọ́kọ́ wọ aṣọ, òun náà ló ń bọ́ ọ kẹ́yìn. Mo ti ọwọ́ tèmi gba ẹnu apá aṣọ wọlé, mo di ọwọ́ màmá mú jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀, mo wá fa aṣọ náà gòkè dé èjìká rẹ̀. Ojú mi ló ń wò ní gbogbo ìgbà náà. Nígbà tí mo de bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ó bèèrè bóyá èmi náà ni màá wá lọ́la. Orí mi wú. Olùkọ́ wa ní kí n ka ìlùkìkì ọrùn ọwọ́ màmá náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko, òun náà ń ka ti ọwọ́ kejì. Iye tí mo pè náà lòun náà pè.

Iṣẹ́ tó kù kò dáwọ́ dúró: fífún ènìyàn lóúnjẹ, pípààrọ̀ pámpáàsì, yíyí àwọn tí kò lè yí ara wọn padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má bàa dá sí wọn ní ìdí àti gìgísẹ̀. Ẹ̀yìn dùn mí, mi ò ráhùn. Ohun tó tún mú inú bí mi lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ Ghana kan tí a jọ wà ní kíláàsì kò sí láàárín wa. PPD tirẹ̀ náà wú. Ó ṣì ń dúró de lẹ́tà dókítà.

Nítorí náà, kí ẹ tó na apá sí ẹnikẹ́ni, ẹ ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ sì bèèrè iye rẹ̀ ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Bí ti ẹ̀jẹ̀ bá jáde ní pọ́sítíìfù, ẹ má fojú di í, ẹ má sì dá BCG lẹ́bi. Dókítà ló kàn. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì pẹ̀lú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní bí ilé ìtọ́jú arúgbó tó ń gba owó Medicare tàbí Medicaid (ètò ìjọba tó ń san owó ìtọ́jú) bá gbà yín síṣẹ́ láàárín oṣù 12 tí ẹ parí ẹ̀kọ́, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí owó tí ẹ ná lórí ẹ̀kọ́ náà, díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ tèmi kò sọ ìyẹn náà. Ìyá Ìjẹ̀bú ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán.