Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Yan Ọkọ̀ àti Tírélà Tí Yóò Gbé Mọ́tò Lọ sí Pápá Ìsáré

Ẹni tí ó bá ń wa mọ́tò tirẹ̀ lọ sáré lórí pápá mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun máà lè wà á padà sílé. Táyà lè jẹ tán, bíréèkì lè gbóná kọjá ààlà, ẹ́ńjìnnì sì lè dákú lójijì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ awakọ̀, bí eré náà bá ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù tán, fi ń wá ọkọ̀ àti tírélà. Tírélà tí mo ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ọkọ̀ àjàgbé ńlá. Pẹpẹ onítáyà mẹ́rin tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ni, yálà ó ní ògiri àti òrùlé tàbí kò ní. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrajà náà: wọ́n á kọ́kọ́ ra ọkọ̀ tí ó wù wọ́n, wọ́n á wá tírélà tí àpò wọn ká, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá délé tán ni wọ́n á tó máa bèèrè bí ẹrù náà ti wúwo tó. Mọ́tò ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ gbé sórí òṣùwọ̀n, kí á ti ara rẹ̀ mọ irú tírélà tí ó yẹ ẹ́, kí ọkọ̀ tí yóò fà wọ́n sì gbẹ̀yìn.

Gbígbà pé iye tí ọkọ̀ lè fà ló parí ọ̀rọ̀

Nọ́ńbà tí àwọn tí ń ta ọkọ̀ máa ń fi polówó ni iye ẹrù tí ọkọ̀ lè fà. Wọ́n á ní píkọ́ọ̀pù yìí lè fa kìlógíráàmù 4,500, oníbàárà á sì fọkàn balẹ̀ pé mọ́tò òun kò tó nǹkan kan lẹ́yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé ọkọ̀ kì í fa tírélà lásán, ó tún ń ru apá kan nínú rẹ̀. Imú tírélà tí ó jókòó lórí bọ́ọ̀lù irin ní ìdí ọkọ̀ ń tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó yẹ kí ìwúwo imú yìí wà láàárín ìdá 10 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ tírélà àti ẹrù rẹ̀, kí ìdí tírélà má baà máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà. Ìwúwo imú náà, awakọ̀, àwọn tí wọ́n bá a wọkọ̀, àpótí irinṣẹ́ àti ohun gbogbo tí a dì sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, inú iye kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń jẹ, èyíinì ni iye tí ọkọ̀ lè gbé. Ara ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni a ti ń rí iye yìí. Ọkọ̀ méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọ́n sì jáde lọ́dún kan náà, lè yàtọ̀ síra níbẹ̀ gidigidi, nítorí pé òrùlé onígíláàsì, ìjókòó olówó ńlá àti táyà ràgàjì tí wọ́n fi kún ọ̀kan ti jẹ nínú ẹrù tí ì bá gbé.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ká ní mọ́tò jẹ́ kìlógíráàmù 1,500, tí tírélà onírin aláìlórùlé tí yóò gbé e jẹ́ 900, tí táyà àfirọ́pò, jáàkì àti epo tí a dè mọ́ orí tírélà sì jẹ́ 100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,500, ó sì jìnnà sí 4,500 tí ìpolówó sọ. Bí imú bá ru ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, 325 nìyẹn. Àgbàlagbà mẹ́ta nínú ọkọ̀ á fi nǹkan bíi 240 kún un. Àpótí irinṣẹ́, jẹnẹrétọ̀, àgọ́ ìbòòji àti irin ìsokọ́ra fúnra rẹ̀ lè jẹ́ 150. Ó di 715. Bí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn bá wí pé 700 ni ọkọ̀ náà lè gbé, èyí tí kò ṣàjèjì rárá lára píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, ọkọ̀ náà ti ru kọjá agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń fà kò tíì tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí wọ́n ní ó lè fà.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà SAE J2807, ti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń dá iye tí ọkọ̀ lè fà mọ̀, apá kan nínú ìdánwò rẹ̀ sì ni gígun òkè Davis Dam ní Arizona. Ìlànà tí ó dára ni, ó sì ti bá wa dín àsọdùn kù; ṣùgbọ́n awakọ̀ àti èrò kan péré ni ó kà sínú ọkọ̀, nítorí náà ẹni tí yóò kó ọmọ àti ọ̀rẹ́ dání gbọ́dọ̀ yọ ìwúwo wọn kúrò. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbà pé ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì yóò tán gbogbo ìṣòro. Lóòótọ́, dísẹ̀lì lágbára láti gun òkè, ó sì máa ń ṣèrànwọ́ láti mú ọkọ̀ dúró bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì náà wúwo ju ti oní-pẹtiróòlù lọ, ìwúwo yẹn a sì dín iye tí ọkọ̀ lè gbé kù.

Gbígbàgbé pé tírélà ń ru ara rẹ̀

Iye tí wọ́n tẹ̀ sára pálí irin tírélà jẹ́ àpapọ̀ tírélà àti ẹrù. Kì í ṣe ẹrù nìkan. Àṣìṣe yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn lára lórí tírélà aláìlórùlé, ṣùgbọ́n ó burú lórí èyí tí ó ní ògiri. Ọ̀pọ̀ tírélà olórùlé tí owó wọn kò wọ́n ni wọ́n gbé ka axle méjì, èyíinì ni ọ̀pá irin tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, tí agbára wọn jẹ́ páúnù 3,500 lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó mú kí àpapọ̀ wọn jẹ́ páúnù 7,000, tàbí kìlógíráàmù 3,175. Bí irú tírélà bẹ́ẹ̀ bá gùn tó mítà méje, ó lè jẹ́ kìlógíráàmù 1,800 kí a tó ki ohunkóhun sí i. Ohun tí ó kù kò ju 1,375 lọ. Mọ́tò 1,500 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè wọ ibẹ̀ láìrú òfin tírélà náà, àfi bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ kí táyà máa bẹ́ láàárín ọ̀nà. Ẹni tí ń tà á kò parọ́ o. Mọ́tò wọ inú rẹ̀, ilẹ̀kùn sì tì. Gígùn àti fífẹ̀ ni ó fi hàn oníbàárà, kò fi axle hàn án.

Bí a bá wá lọ ra èyí tí axle rẹ̀ tó, ìṣirò ọkọ̀ tún yí padà. Tírélà 1,800, mọ́tò 1,500 àti ẹrù 300 jẹ́ 3,600. Ìdá 13 rẹ̀ jẹ́ 468, àgbàlagbà mẹ́ta sì sọ ọ́ di 708 nígbà tí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ṣì ṣófo. Ògiri tírélà náà tún ń kojú afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí tí ìjì bá fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ kúkúrú tí táyà iwájú rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹ̀yìn ni ó máa ń mì jù. Lójú tèmi, ẹni tí yóò máa sùn nínú tírélà, tàbí tí yóò máa fi irinṣẹ́ àti táyà sínú rẹ̀ láti ìdíje kan dé òmíràn, ni ó ní ìdí gidi láti ra olórùlé. Ẹni tí kò ju pé kí ó lọ sáré lọ́jọ́ kan kí ó sì padà, tírélà aláìlórùlé tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, tí ìwúwo rẹ̀ lè wà ní nǹkan bíi 700, tó o jàre. Òjò kò ní pa mọ́tò náà kú.

Àìwọn mọ́tò mọ́ tírélà kí á tó sanwó

Àṣìṣe kékeré ni èyí dà bí lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń bí ènìyàn nínú jù lọ. Mọ́tò eré sún mọ́lẹ̀. Ètè iwájú rẹ̀ lè máà ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ilẹ̀. Bí pẹpẹ tírélà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí irin tí mọ́tò yóò gùn sì jẹ́ mítà kan àbọ̀ péré, gíga náà sún mọ́ dígírì 24, ètè mọ́tò yóò sì gbá irin kí táyà tó fọwọ́ kàn án. Bí irin náà bá gùn tó mítà 2.4, ó lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi dígírì 14 àbọ̀, síbẹ̀ àwọn mọ́tò kan yóò ṣì nílò pákó lábẹ́ ìdí irin. Tírélà tí ìdí pẹpẹ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ máa ń rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí yóò ti fi ìdí gbálẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun ẹnu géètì.

Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀kùn. Awakọ̀ á wa mọ́tò gorí tírélà wọ́ọ́rọ́wọ́, á pa ẹ́ńjìnnì, á ṣí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn á sì gbá ìbòrí táyà tírélà kí ó tó ṣí ju ìka mẹ́rin lọ. Bí mọ́tò náà bá ní àwọn ọ̀pá irin ìdáàbòbò nínú, tí ìjókòó rẹ̀ sì jinlẹ̀, ojú fèrèsé ni yóò gbà jáde, nígbà méjì ní ọjọ́ kan. Kí á wọn gíga ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti ilẹ̀ táyà, kí á wọn gíga ìbòrí táyà láti orí pẹpẹ, kí á sì fi wọ́n wéra. Àwọn tírélà kan wà tí ìbòrí táyà wọn ṣeé yọ tàbí kí ó ṣeé tẹ̀ sílẹ̀. Ti olórùlé a máa ní ilẹ̀kùn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún iṣẹ́ kan náà.

Fífi bíréèkì, táyà àti bọ́ọ̀lù ṣeré

Bíréèkì ọkọ̀ nìkan kò tó láti dá tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ dúró. Tírélà gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀ lórí axle méjèèjì, bí ó bá sì jẹ́ ti iná mànàmáná, ọkọ̀ nílò ẹ̀rọ tí yóò máa darí rẹ̀ ní ìwọ̀n bí awakọ̀ ṣe tẹ bíréèkì. Kí á yí ẹ̀rọ náà títí tí tírélà yóò fi máa di ọkọ̀ mú díẹ̀ nígbà tí a bá tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ náà lórí eré kékeré, tí táyà rẹ̀ kò sì ní tì pa. Ọwọ́ yìí kan náà ni a ó tẹ̀ bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù ìdí. Ẹni tí ó bá tẹ bíréèkì ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lákòókò náà ń dá kún un ni.

Ìtàn táyà rọrùn. Àwọn tí a ṣe fún tírélà ní lẹ́tà ST ṣáájú nọ́ńbà wọn, púpọ̀ nínú wọn ni a kò sì ṣe fún eré tí ó ju máìlì 65 láàárín wákàtí kan lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 104, àfi bí a bá tẹ ohun mìíràn sí wọn lára. Oòrùn a máa pa wọ́n níbi tí tírélà bá dúró sí, ojú wọn a ṣì jọ tuntun. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT tí a tẹ̀ sára táyà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Èyí tí ó bá ti kọjá ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, mi ò ní gbé mọ́tò lé e lórí.

Bọ́ọ̀lù tí ó kéré ju ẹnu imú tírélà lọ lè fò yọ nínú kòtò, nítorí náà kí iye tí a kọ sí ara méjèèjì bára mu. Irin ìsokọ́ra tí ń pín ìwúwo dé táyà iwájú wúlò gan-an fún ìdúró ọkọ̀, ó sì lè jẹ́ dandan bí tírélà bá wúwo, ṣùgbọ́n kò fi kìlógíráàmù kan kún iye tí ìwé ẹnu ilẹ̀kùn gbà.

Òfin kò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní Yúróòpù, tírélà tí ó bá ju kìlógíráàmù 750 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì, ìwé ìwakọ̀ lásán kò sì gba gbogbo àpapọ̀. Ìwúwo imú tí ọkọ̀ kékeré lè gbà níbẹ̀ kò pọ̀, ó sábà máa ń wà ní ìsàlẹ̀ kìlógíráàmù 100, wọ́n sì ń ká eré rẹ̀ kò: Jámánì kò gbà ju kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan lọ fún ọkọ̀ tó ń fa tírélà, àfi èyí tí ó bá gba àṣẹ láti sá kìlómítà 100. Nítorí náà ìdá 10 sí 15 tí mo sọ kò ṣeé gbé lọ lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí. Ìwé ọkọ̀ ni kí á tẹ̀lé.

Ríra gbogbo rẹ̀ fún ìrìn àlọ nìkan

Ibi tí mọ́tò yóò dúró lórí pẹpẹ ni ó ń pinnu ìwúwo imú. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú máa ń kọjú sí ọkọ̀. Porsche 911 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn lè ní láti fẹ̀yìn gùn ún. Tírélà tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí mọ́tò kò ní àyè láti sún síwá sẹ́yìn kò fún wa ní ọ̀nà àtúnṣe kankan. Bí a bá ti rí ibi tí ó tọ́ lórí òṣùwọ̀n, kí á fi ọ̀dà sàmì sí i.

Àwọn tí ń ra tírélà sábà máa ń fojú inú wo mọ́tò tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn ún. Mọ́tò tí táyà iwájú rẹ̀ ti wọ́ lẹ́yìn tí ó kọlu ògiri kò ní gùn ún, èèyàn mẹ́rin kò sì lè tì í gorí irin tí ó ga ní dígírì 14. Wíǹṣì, ẹ̀rọ tí ń fi okùn fa nǹkan, ni yóò fà á. Kí ibi tí a ó de wíǹṣì náà mọ́ wà lára férémù tírélà kí á tó rà á, kì í ṣe lórí pákó pẹpẹ. Kí wíǹṣì náà sì ní bátìrì tirẹ̀, tí ó yàtọ̀ sí èyí tí ń ṣọ́ bíréèkì pàjáwìrì bí tírélà bá já kúrò lára ọkọ̀. Jáàkì ọkọ̀ tún lè máà dé abẹ́ tírélà, sípánà nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀ lè máà bá ti tírélà mu, nítorí náà kí á dán méjèèjì wò nílé pẹ̀lú táyà àfirọ́pò tírélà fúnra rẹ̀.