Bí mo ṣe tún ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ṣe ní Iléṣà

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí a ṣe Ìwúdé, ọdún ìbílẹ̀ àwa Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Bùbá ańkárá tí mo ń rán fún àwọn ìbejì mi ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Lójú òkè, ojú rírán náà tẹ́jú, kò sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò sọ pé ohun kan ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yí aṣọ náà padà, òwú ti kó jọ sábẹ́ rẹ̀ bí irun orí tí òòyà kò kàn fún oṣù kan. Bí mo ṣe ń gbìyànjú láti fa aṣọ náà jáde, òwú náà lọ́ mọ́ ilé bọ́bììnì, ìyẹn ilé kẹ̀kẹ́ kékeré tó gbé òwú ìsàlẹ̀, wíìlì kò sì yí mọ́.

Ẹ̀rọ dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ náà. Bàbá ìyá mi ló rà á, owó tí ó lóṣòó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ra aṣọ rẹ̀ láwìn nígbà tó ń ṣe oṣómàálò ni a gbọ́ pé ó fi rà á. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ̀rọ dúdú bẹ́ẹ̀, orúkọ yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sí wọn lára, ìlànà ẹ̀rọ Singer 15 àtijọ́ ni wọ́n tẹ̀lé, ìdí sì nìyẹn tí bọ́bììnì ọ̀kan fi ń wọ òmíràn, tí ohun èlò wọn kò sì fi ṣòro rí ní ọjà Àtàkúnmọ́sà.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo dá ìsàlẹ̀ lẹ́bi. Abẹ́ aṣọ ni mo ti rí ìdàrúdàpọ̀, nítorí náà mo gbà pé bọ́bììnì ló ń ṣe é. Mo yọ kéèsì bọ́bììnì jáde, mo mú sukurudiráfà kékeré, mo sì fún súkúrù tó wà lára rẹ̀ le díẹ̀. Kò yí padà. Mo tún fún un le sí i, títí òwú ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, tí òwú tó ń kó jọ náà kò sì dín kù rárá. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé n kò ka iye ìgbà tí mo yí súkúrù náà, n kò sì mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo lọ bẹ Bàbá aránṣọ tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọn kò fọwọ́ kan bọ́bììnì rárá. Wọ́n ní kí n fi òwú pupa sókè, kí n fi funfun sí bọ́bììnì, kí n sì rán ẹyọ àkísà kan. Nígbà tí a yí àkísà náà padà, pupa ni gbogbo ohun tó kó jọ sábẹ́.

Bàbá ní, "Ìyá Ìbejì, ta ló wà nísàlẹ̀ yìí?"

Mo dáhùn pé, "Òwú òkè ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ló ṣe débẹ̀?"

Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi, kí n sì máa wò ó. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun tí mo ti ń lò láti kékeré láìmọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá sọ̀kalẹ̀ tán, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gòkè, òwú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tú díẹ̀, á ṣe kọ́lọ́bọ́ kékeré kan bí ojóbó. Ẹnu ṣọ́tù, irin abẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí lára bọ́bììnì, tí ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó, á wá gbé kọ́lọ́bọ́ náà, á sì gbé e yí kéèsì bọ́bììnì po pátápátá, kí apá tó ń lọ sókè sódò níwájú ẹ̀rọ tó fa gbogbo rẹ̀ padà sókè. Bí àwọn àwo kékeré méjì tó ń fún òwú òkè mọ́ra kò bá dì í mú, apá yẹn á fa òwú tuntun láti ara róòlù òwú tó wà lókè, dípò kí ó fa èyí tó wà nísàlẹ̀, èyí tó kù nísàlẹ̀ á sì máa kó jọ.

Bàbá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, sílẹ̀, wọ́n sì fa òwú òkè. Ó ń yọ́ jáde bí ẹni pé kò sí ohun kankan tó dì í mú. Mo wá gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí àwọn àwo méjèèjì lè là, mo ki etí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo fi epo òyìnbó rẹ sáàárín wọn, mo ń fà á lọ, mo ń fà á bọ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó ti dì bí ìda ló kọ́kọ́ jáde; lẹ́yìn náà ni já-ń-já òwú aláwọ̀ ewé kan, tí kò gùn tó èékánná ọwọ́ mi, bọ́ sílẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí àwọn àwo náà pàdé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rí i dájú pé ẹsẹ̀ wà lókè nígbà tí mo bá ń fi òwú sí ẹ̀rọ, nítorí bí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, àwọn àwo á ti pa dé, òwú kò sì ní wọ àárín wọn.

Bàbá fi ìka kan ilé ṣọ́tù, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì wò mí. "Kí lo fi bọ́ ẹ̀rọ yìí?"

Ojú tì mí. Àdín ni. Epo ẹ̀rọ ti tán lọ́wọ́ mi nígbà òjò, ìgò àdín sì wà nítòsí. Kò pẹ́ tí ọyẹ́ dé ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láàárọ̀, tí ó sì ń fúyẹ́ bí oòrùn bá ti mú, èmi sì rò pé bẹ́líìtì awọ ló ń sún kì. Àdín a máa dì nígbà tí òtútù bá mú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nínú ìgò, ṣùgbọ́n n kò ronú pé yóò dì nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí pé ó ń dì, ó ń gba eruku mọ́ra.

Fífọ rẹ̀ gba ọ̀sán kan gbáko. Mo gbé abẹ́rẹ́ sókè pátápátá, mo yọ kéèsì, mo yí àwọn ìkọ́ méjì tó di òrùka ilé ṣọ́tù mú sẹ́yìn, mo yọ òrùka náà, mo sì fa ṣọ́tù, tó rí bí oṣù tuntun, jáde. Mo fi epo òyìnbó àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ gbogbo wọn, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo sì kán epo ẹ̀rọ, èyí tó mọ́ gaara bí omi, sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré síbì kan. Ní ti súkúrù kéèsì tí mo ti bàjẹ́, Bàbá kọ́ mi láti di òwú rẹ̀ mú kí kéèsì náà sì máa rọ̀. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo bá gbọn ọwọ́, ó ti tó.

Òwú kò kó jọ mọ́, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo fi abẹ́rẹ́ tuntun tí mo rà lọ́jà sí i: kò mú ojú kan ṣoṣo. Nígbà tí mo ka ara páálí rẹ̀, DBx1 ni wọ́n kọ síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí àwọn télọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni, ìdí rẹ̀ rí róbótó, ó sì kúrú ju tiwa lọ, kò lè dé ọ̀dọ̀ ṣọ́tù. Tiwa ni HAx1, tí ẹ̀gbẹ́ kan ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ. Mo lọ pààrọ̀ rẹ̀, mo gba ìwọ̀n 14, mo sì rí i pé ọ̀nà tóóró tó gùn lára abẹ́rẹ́ wà níhà ibi tí òwú ti ń wọlé.

Ó rán ańkárá ẹyọ kan dáadáa. Níbi tí mo ti ká etí rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ń fo ojú. Èyí ló gba sùúrù mi jù, nítorí kò sí ìdọ̀tí tí mo lè fọ̀ mọ́. Mo wá rántí pé ní oṣù tó kọjá, abẹ́rẹ́ kan ti kán lórí irin síìpù, tó sì dún gbì bí ó ti ń kán. Mo tú ìdérí òkè apá òsì ẹ̀rọ, mo yọ irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo tan iná fóònù síbẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ yí wíìlì. Ẹnu ṣọ́tù ń kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ́rẹ́ gan-an, níbi tí kọ́lọ́bọ́ ti kéré jù láti gbé dáadáa. Síìpù náà ti ti ọ̀pá abẹ́rẹ́ sókè. Mo tú súkúrù tó di ọ̀pá náà mú díẹ̀, mo fa ọ̀pá náà sọ̀kalẹ̀ títí ẹnu ṣọ́tù fi ń kọjá lókè ojú abẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi mìlímítà 2, mo sì fún súkúrù náà padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí ó tó bọ́ sí i gan-an, nítorí bí mo bá ti ń fún súkúrù ni ọ̀pá náà ń yí.

Mo tún ká àkísà tí a fi òwú pupa rán níjọ́sí náà ní ìlọ́po mẹ́rin, mo sì gun ẹsẹ̀ lé irin. Ó rán an kọjá láìfo ojú kan. Ọjọ́ méjì ṣáájú Ìwúdé ni mo parí bùbá èkejì, Bàbá sì fi èékánná họ abẹ́ etí rẹ̀ wò kí wọ́n tó dá a padà fún mi.