Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwa Tó Ń Wa Ọkọ̀ Gáàsì Nígbà Òtútù

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ní ìlú Leeds. Mo ti já ọmọ sílẹ̀ níléèwé, mo sì kọrí síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ mi, tí wọ́n yí padà kó lè máa jó gáàsì LPG (gáàsì tí wọ́n fún mọ́ inú táǹkì títí tó fi di omi), ti kúrò lórí bẹntiróòlù. Iná tó máa ń sọ fún mi pé gáàsì ti gbà á ti tàn. N kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń fà sẹ́yìn, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oríta, níwájú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé reducer ti funfun báláú. Reducer ni irin tó tó ìkúùkù ọkùnrin, tó ń sọ gáàsì olómi di afẹ́fẹ́. Yìnyín bò ó bó ṣe máa ń bo ẹ̀gbẹ́ inú fíríìsà ìyá elẹ́ja. Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì rèé, ó gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ kàn án.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí òtútù bá ti ń bọ̀, nítorí mo rí i pé ohun kan náà là ń ṣe, ohun kan náà ló sì ń dá wa dúró lójú ọ̀nà.

Gáàsì tó wà nínú táǹkì, omi ni. Kí ẹ́ńjìnnì tó lè jó o, ó ní láti padà di afẹ́fẹ́, lítà kan rẹ̀ á sì fẹ̀ di nǹkan bíi lítà 250. Bó ṣe ń yí padà yẹn, ó ń gba ooru lára ohunkóhun tó bá fara kàn. Ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ti fi spírítì nu lápá rí kó tó gún un lábẹ́rẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń tutù nini bí spírítì ṣe ń gbẹ. Iṣẹ́ tí gáàsì ń ṣe sí reducer nìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Omi rédíétọ̀ ló ń gbà á sílẹ̀: hóòsì kan ń gbé omi gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì wọ inú reducer, ìkejì ń dá a padà. Bí omi yẹn kò bá dé ibẹ̀, tàbí tó dé tí kò gbóná, reducer á dì gbagidi. Nítorí náà, bí ọkọ̀ gáàsì bá ń dà yín láàmú nígbà òtútù, ẹ má tíì bú gáàsì. Ẹ wo omi ná.

Ẹ má bu omi ẹ̀rọ lásán sí rédíétọ̀

Àṣà tí a gbé wá láti ilé nìyí. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kẹ́ẹ̀gì omi kì í kúrò ní búùtù. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, a bu omi sí i, a tẹ̀síwájú. Òtútù tó lè sọ omi di yìnyín kò sí níbẹ̀. Nílùú Ọba níhìn-ín, omi lásán á dì lóru, á wú, ó sì lè la rédíétọ̀ tàbí ara ẹ́ńjìnnì pàápàá. Nínú ọkọ̀ gáàsì, ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá nínú reducer ti há tẹ́lẹ̀, ìpẹtà tí omi ẹ̀rọ ń dá sílẹ̀ á sì máa dí i díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń tàn wá jẹ ni pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà la máa ń bu omi ọ̀hún. Ìdajì antifreeze, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì, pẹ̀lú ìdajì omi tó mọ́ lè kojú òtútù tó tó dígíríì 35 nísàlẹ̀ òdo. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń jò, tí ẹ sì ń bu ife omi kan lọ́sẹ̀ yìí, ife kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, antifreeze ló ń ṣàn lọ, omi lásán ló ń kù. Bí tèmi ṣe rí gan-an nìyẹn. Kílíìpù hóòsì kan ló ń jò tín-ín-tín. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni mo ti ń bu omi ẹ̀rọ sí i, mo rò pé mò ń tọ́jú ọkọ̀ mi ni. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọ́pò rẹ̀, òkè ni afẹ́fẹ́ sì máa ń sá lọ. Bó bá jẹ́ pé òkè ni wọ́n gbé reducer sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò jókòó sí, omi gbígbóná kò sì ní rọ́nà kọjá mọ́.

Hítà inú ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí, nítorí omi kan náà ni òun àti reducer jọ ń pín. Bí òǹwọ̀n bá ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí hítà sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ padà sórí bẹntiróòlù, kí ẹ wá ẹni tó máa wò ó. Ẹ má sì ṣí ìdérí omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ó ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí iṣẹ́ mìíràn bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tó sì ní láti da omi rẹ̀ nù, ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ gáàsì ni, kó lé afẹ́fẹ́ jáde pátápátá kó tó gbé e fún yín. Ọ̀pọ̀ kì í bèèrè bí ẹ kò bá sọ.

Thermostat kì í ṣe ohun à ń yọ dànù

Nílé, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á yọ thermostat, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná tó. Ẹni tó bá gbé èrò yẹn wá síhìn-ín, orí mọ́tòwéè ni yóò ti jìyà rẹ̀. Thermostat ló ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi dígíríì 80 sí 90. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó bàjẹ́ tó sì wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn òtútù tó ń lu rédíétọ̀ á máa mú omi tutù bó ṣe ń gbóná. Nínú oṣù Agẹmọ, ẹ kò ní mọ̀. Tó bá di oṣù Ọ̀pẹ, ẹ ó rí i tí òǹwọ̀n ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹ ṣe ń sáré. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má kánjú gbé ọkọ̀ sórí gáàsì

Bẹntiróòlù ni ọkọ̀ gáàsì fi ń tan láàárọ̀. Ó máa ń dúró kí omi gbóná dé ìwọ̀n kan, bíi dígíríì 30 sí 40, kó tó yí sórí gáàsì. Nígbà òtútù, ìdúró yẹn máa ń pẹ́, ó sì máa ń dunni, nítorí tìtorí àtifowó pamọ́ la ṣe yí ọkọ̀ padà. Ìgbà náà ni ẹnì kan á ra wáyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, á sì fa ìwọ̀n náà wálẹ̀ sí 15. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Awọ rọ́bà kan wà nínú reducer tó ń díwọ̀n gáàsì. Bó bá tutù, ó máa ń gan. Gáàsì tí kò tíì di afẹ́fẹ́ tán á kọjá lọ sínú injector, ẹnu tó ń fọ́n gáàsì sínú ẹ́ńjìnnì, awọ náà á sì ya kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Owó tí ẹ ó fi tún un ṣe ju owó bẹntiróòlù máìlì méjì lọ fíìfíì.

Bó bá jẹ́ pé iléèwé ọmọ àti ṣọ́ọ̀bù itòsí nìkan lẹ ń lọ, bẹntiróòlù ni ọkọ̀ yóò máa jó ṣáá, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí táǹkì bẹntiróòlù gbẹ. Pọ́ọ̀ǹpù wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé epo tó yí i ká ló ń mú un tutù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ bí gáàsì tiẹ̀ ń jó, á sì jóná tí epo bá tán. Ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì ni kó kéré jù. Ẹ sì jó epo àtijọ́ dé ìwọ̀n yẹn kí ẹ tó ra tuntun kún un, nítorí epo tó ti wà níbẹ̀ látìgbà ooru máa ń ṣòroó tan nínú òtútù.

Gáàsì ìdáná kì í ṣe gáàsì ọkọ̀

Propane àti butane ló ń jẹ́ LPG. Propane ṣì ń di afẹ́fẹ́ títí dé dígíríì 42 nísàlẹ̀ òdo. Butane kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ti dé òdo, á jókòó sísàlẹ̀ táǹkì bí omi, kò ní sí agbára tó máa tì í jáde. Propane ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo gáàsì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ nílùú Ọba. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù, wọ́n ń pò ó mọ́ butane, butane yẹn sì máa ń pọ̀ sí i nígbà ooru, torí náà ẹni tó bá wakọ̀ dé láti Ítálì kó jó o tán kí òtútù tó wọlé. Sílíńdà búlúù tí wọ́n fi ń mú yàrá gbóná níhìn-ín, butane ni. Mo ti gbọ́ ẹnu ẹni tó fẹ́ tú u sínú ọkọ̀. Ó léwu gidi, òfin kò sì gbà á, nítorí wọn kò san owó orí epo ọkọ̀ lórí rẹ̀.

Bí reducer bá ti dì, ẹ má fi iná yọ́ ọ, ì báà ṣe iná àbẹ́là. Ẹ yí sórí bẹntiróòlù, kí ẹ dúró. Bó bá pọn dandan, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e lórí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yìí náà lẹ ó lò bí ibi tí ẹ ti ń ra gáàsì sínú bá dì, nítorí òjò máa ń wọ abẹ́ ìdérí rẹ̀ bí ẹ kò bá dé e dáadáa. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nílé epo. Gáàsì díẹ̀ tó máa ń tú jáde nígbà tí ẹ bá yọ ẹnu pọ́ọ̀ǹpù ń jó ara bí iná.

Pulọ́ọ̀gì tó ti gbó lè fara dà á nígbà ooru, àmọ́ gáàsì ń fẹ́ iná tó le ju ti bẹntiróòlù lọ, ọ̀rinrin òwúrọ̀ á sì tú u fó. Ẹ pààrọ̀ wọn kí oṣù Bélú tó parí. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì kí ẹ ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù: gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá pálá sí, ibẹ̀ ni yóò sì máa dúró de iná.

Ní báyìí, bí mo bá ti ọjà dé lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì fọwọ́ kan hóòsì méjèèjì tó wọ reducer. Bí méjèèjì bá gbóná, mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, omi kò kọjá nìyẹn, bẹntiróòlù ni mo máa fi lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.