Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Wú, Ètè Tó Kú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Eyín: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Nílé àti Ìgbà Tí Ẹ Máa Sáré

Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ eyín, pàápàá wisdom tooth (eyín tó kẹ́yìn pátápátá) tìsàlẹ̀, ohun méjì ló máa ń bá èèyàn délé: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ètè á sì kú. Ìrìn àwọn méjèèjì ò dọ́gba. Wíwú máa ń lọ sókè kó tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà sùúrù ló gbà. Kíkú ní tiẹ̀, wákàtí mélòó kan ló ní; tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti sùúrù.

Kí ẹ tó dìde lórí àga dókítà, ẹ bi í léèrè oògùn tó gún yín àti aago tó gún un, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Lidocaine tí wọ́n pò mọ́ adrenaline ni wọ́n sábà máa ń lò. Ètè àti ahọ́n á kú fún nǹkan bíi wákàtí 3 sí 5. Bupivacaine pẹ́ jù ú lọ, ó lè tó wákàtí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Títí ẹnu á fi jí, ẹ má fẹnu kan àmàlà gbígbóná, ẹran tàbí àgbàdo, torí ẹ lè bu ahọ́n yín jẹ tàbí kí ẹ bó ètè láìmọ̀. Ti ọmọdé ló burú jù: wọ́n á máa jẹ ètè wọn ṣeré, tó bá fi máa dalẹ́, ó ti di egbò. Ẹ jókòó tì wọ́n.

Fún wíwú, yìnyín ni oògùn ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Ẹ mú píọ̀ wọ́tà kan tó ti dì, ẹ fọ́ yìnyín inú rẹ̀ díẹ̀ kó lè tẹ̀ síbi ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e. Ẹ gbé e lé ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ gbé e kúrò fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yọ aṣọ yẹn o: ara tó kú kì í mọ̀ tí yìnyín bá ń jó o. Bí kò bá sí iná, yìnyín inú kúlà àwọn tó ń ta mínírà ṣeé lò, ṣùgbọ́n ìta ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló mọ. Kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu tó ní egbò. Lálẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè.

Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń wú jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á gba kẹ́mísì lọ pé kí wọ́n po oògùn fún àwọn. Ẹ má ṣe é. Oògùn apakòkòrò kì í dín wíwú tí kò ní kòkòrò nínú kù, tí prednisolone (oògùn steroid) bá sì lọ wà nínú àpòpọ̀ náà, ó lè bo àmì àkóràn mọ́lẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi le. Róòbù kò yẹ níbẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ kẹta, aṣọ tí ẹ rì sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ló kàn. Tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje, ó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọ̀ dáadáa, bí ẹnu ò tiẹ̀ tíì là tán.

Fún ìrora, àgbàlagbà lè lo ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, ní wákàtí 8-8, àti paracetamol 1 g ní wákàtí 6-6, tí kò gbọ́dọ̀ ju 4 g lọ lójúmọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée, aláboyún, àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ fi ibuprofen sílẹ̀ títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Omi iyọ̀ di ẹ̀yìn wákàtí 24. Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ìgbà mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má fi fọ ẹnu kíkankíkan, ẹ má tu ú dànù pẹ̀lú agbára. Ẹ kàn tẹ orí sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ jẹ́ kó ṣàn jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sójú ihò eyín ló ń bo egungun. Sìgá, fífi siróò fa nǹkan mu àti itọ́ títu lè fà á yọ, egungun á wá wà níhòòhò. Ìrora irú ìyẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó máa ń ta dé etí, ẹnu á sì máa rùn. Dókítà ló máa fọ ihò náà tó sì máa fi oògùn dí i.

Wíwú tó tún ń pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ara tó gbóná dé 38°C, tàbí ọyún lẹ́nu: ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n tí abẹ́ àgbọ̀n bá le gan-an, tí ahọ́n ń gbéra sókè, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tí ohùn yí padà tàbí tí èémí ń ṣòro, ikú lè wọ̀ ọ́. Ẹ má sùn kalẹ̀, ẹ jókòó dúró ṣánṣán, kí ẹ pe 112 tàbí 767, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó. Ẹni tó bá wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kó má ṣe wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland nítorí pé LUTH, ọsibítù Ìdí-Àràbà, ni káàdì rẹ̀ wà. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà Ọ̀dàn sún mọ́ ọn jù.

Ká padà sórí kíkú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí ètè ò tíì jí, ẹ pe dókítà láàárọ̀ yẹn. Iṣan ìmọ̀lára kan gba inú egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kọjá lábẹ́ gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn, ó sì yọ síbi ètè. Òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ inú lọ sí ahọ́n. Tó bá jẹ́ pé gbòǹgbò eyín tàbí abẹ́rẹ́ ló fara kan iṣan, èyí tó pọ̀ jù ló ń sàn fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Èyí tí kò ṣeé dúró wò ni ti implant, ìyẹn irin tí wọ́n dè mọ́ egungun láti gbé eyín àtọwọ́dá, àti ti root canal, níbi tí oògùn tí wọ́n fi dí gbòǹgbò ti lè yọ kọjá orí rẹ̀ bá iṣan. Tí irin bá ń tẹ iṣan, láàárín wákàtí 24 sí 36 ló ti yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wò ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má gbà.

Ẹ sàmì sí ibi tó kú. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ fi òwú kan ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ rọra wọ́ ọ lọ síbi tó kú. Níbi tí ìmọ̀lára bá ti yí padà, ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀. Ẹ ṣe é láti òkè, láti ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún àti òsì, ẹ so àmì náà pọ̀, ẹ ya fọ́tò. Ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ààlà tó ń sún wọlé, tàbí kó dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀, àmì rere ló sábà jẹ́. Tó bá ń ta yín bí iná nígbà tí aṣọ lásán kàn án, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kíákíá. Fítámì B kò lè so iṣan tó já pọ̀, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́ tó.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí àyípadà, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n ní LUTH, Ìdí-Àràbà, tàbí LASUTH, Ìkẹjà. Ẹ mú X-ray tí wọ́n yà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn rẹ̀ dání, orúkọ abẹ́rẹ́ àti aago rẹ̀, àti àwọn fọ́tò yẹn pẹ̀lú ọjọ́ lára wọn.